Ohùn Ìyá Mi Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pa Rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èébú ló tọ́ sí mi, mo sì ti ṣe tán láti gbà á. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ bú mi tí mi ò tíì bú ara mi.

Magdalene ni orúkọ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, ṣùgbọ́n Becontree Heath ní Dagenham ni mò ń gbé, èmi, Jìmí ọkọ mi tó ń wa bọ́ọ̀sì, àti ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń bu oúnjẹ, mo máa ń fọ abọ́, mo sì máa ń pariwo. Gbogbo ìjọ wa ló mọ̀ pé ẹnu mi kì í dilẹ̀.

Ayọ̀mípọ̀sí ni ọmọ wa ń jẹ́. Pọ̀sí la máa ń pè é. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí mo gbé e fún ìyá mi, tí mo wá bá Jìmí ní London. Mo ní ọdún kan péré ni. Ọdún kan di mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá ìwé ìgbélùú rí, ẹ mọ bó ṣe ń lọ.

Ìyá mi ló tọ́ ọ. Òun ló kọ́ ọ ní kíkà, òun ló kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀, òun náà ló sọ ọ́ ní Àjọkẹ́. Ó ní, "Magdalene, èmi àti ìwọ la jọ máa kẹ́ ọmọ yìí. Bó o tilẹ̀ jìnnà, a jọ ń kẹ́ ẹ ni."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni lọ́jọ́ tí mo lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo na ọwọ́ sí i, omi ń dà lójú mi pòròpòrò. Ọmọ mi kúnlẹ̀ wẹ́lẹ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo èrò, ó ní, "Ẹ kú ilé o, àǹtí."

Àǹtí! Èmi tí mo rọbí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko!

Jìmí rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi sílẹ̀, ó máa mọ́ mi lára. Ó sì mọ́ mi lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gba ọdún méjì kí Pọ̀sí tó pè mí ní mummy láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ ṣẹ́jú sí i. Ìyá mi ni "Mọ́mì". Láràárọ̀, bó bá ti ń lọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní Rush Green, á tẹ fóònù, á fi ohùn ránṣẹ́ sí Mọ́mì rẹ̀ lórí Wásáàpù. Á ròyìn ojú ọjọ́, á ròyìn tíṣà, á ròyìn ọbẹ̀ tí mo sè, bó bá dùn àti bí kò bá dùn.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá mi máa ń fèsì tirẹ̀. Kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kàn máa ki ọmọ náà ni. "Àjọkẹ́ o! Àjọkẹ́, ọmọ afínjú tí í fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé!" Á kì í títí, á kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá ńlá tí èmi gan-an ò mọ orúkọ wọn. Èmi á wà ní ilé ìdáná, màá máa din dòdò, màá sì máa gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi láti inú yàrá rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú mi rí.

Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ mọ́? Owú ni. Ìyá tó bí mi ni mò ń jowú.

Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò àṣekágbá Pọ̀sí ku ọjọ́ mẹ́rin. Ìdánwò yìí ni yóò sọ bóyá yóò wọ yunifásítì lọ kọ́ iṣẹ́ apòògùn tàbí kò ní wọ̀ ọ́. Àbúrò mi obìnrin, Rosemary, tó ń gbé pẹ̀lú Màmá nílé, pè mí níbi iṣẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara Màmá ò yá o. Wọn ò lè jẹun. Àjọkẹ́ ni wọ́n ń bèèrè ṣáá."

Mo ní, "Má jẹ́ kí Pọ̀sí gbọ́ rárá. Bó bá pè, sọ fún un pé Màmá ń sùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kàn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ni."

"Rosemary! Ṣé o fẹ́ kí ó ṣe bíi tèmi ni?"

Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ń ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, àárọ̀ ọjọ́ kẹ́mísírì ni àbúrò bàbá mi kan yọ sí mi ní gbangba, ó ní bàbá mi ti kú. Mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, mo wo ìwé náà títí àkókò fi pé. Mo fìdí rẹmi. Bó ṣe di pé mò ń bu ẹ̀wà inú agolo fún ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Àwa Yorùbá kì í dédé tú ọ̀rọ̀ ikú sí ènìyàn lórí, a máa ń fi í pamọ́ di ìgbà tí ara lè gbà á. Àwọn àgbà ò ṣìwà hù nínú ìyẹn. Èmi ni mo ṣì í lò.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Rosemary tún pè. Ó ní Màmá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí Àjọkẹ́, àti pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti ní kí òun má fi nǹkankan ránṣẹ́ sí ọmọ náà tààrà, òun yóò fi í ránṣẹ́ sí mi, kí n jẹ́ kó gbọ́ ọ nígbà tó bá yá. Ó tẹ fóònù náà sílẹ̀ kí ó máa gba ohùn fúnra rẹ̀, ó gbé e lé Màmá láyà, ó lọ sẹ́yìn ilé lọ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Màmá nìkan ló wà níbẹ̀.

Ohùn náà dé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ ni.

Mo wọ yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí, mo jókòó sórí àpò ànàmọ́ òyìnbó, mo gbé fóònù létí. Mo kọ́kọ́ gbọ́ èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ ọmọ mi. Ìyá rẹ ló ń pè ọ́ o."

Ìyá rẹ kẹ̀!

Ó wúkọ́. Ó tún ní, "Ìyá rẹ ló ń pè ọ́. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún yẹn..."

Mo pa á.

Ẹ ò rí ayé mi. Ìyá mi wà lórí ẹní àìsàn, ohun tí mò ń rò ni pé èmi ni "ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún yẹn". Mi ò lórúkọ mọ́, mi ò tilẹ̀ jẹ́ ìyá. Inú bí mi gan-an. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bí Pọ̀sí bá gbọ́ èyí, gbogbo ọdún méje tí mo fi ń bá a ra bàtà, tí mo fi ń bá a lọ sí ìpàdé òbí, ti wọmi nìyẹn.

Mo pe Rosemary padà. Mo ní, "Mo ti jẹ́ kó gbọ́ ọ."

"Kíákíá báyìí?"

"Ó wà nílé, ó ń kàwé. Mo jẹ́ kó gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó sunkún gan-an, Rosemary. Mi ò fẹ́ kó máa tún un gbọ́ kó má bàa da orí rẹ̀ rú. Pa á rẹ́. Tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn."

Rosemary ò bá mi jiyàn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ mi láṣẹ lórí rẹ̀ láti kékeré, irú ẹ̀kọ́ ilé tí Màmá fún wa nìyẹn. Mo ń wo ojú fóònù mi nígbà tí ohùn náà pòórá.

Kò tíì tó wákàtí kan tó tún pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ní kí ni Àjọkẹ́ fèsì?"

Èmi Magdalene, tí mò ń wọ aṣọ funfun lọ síwájú pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo dáhùn. Mo ní, "Sọ fún wọn pé ó ní òun ń bọ̀ wálé lẹ́yìn ìdánwò."

Mo gbọ́ tí Rosemary sọ fún un. Mo gbọ́ ìyá mi láti òkèèrè, ó ní, "Á bá mi. Á bá mi, bí Olúwa bá fẹ́."

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn ló kú. A wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Barking, a ti bọ́ bàtà, a ń kọ orin ìwọlé, ni Jìmí wá fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo rí ojú rẹ̀, mo ti mọ̀. Mo ké lẹ́ẹ̀kan péré, mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi.

Pọ̀sí wà nílé tó ń kàwé. Kí n tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, mo ti bẹ gbogbo ìjọ, láti orí Bàbá Aládùúrà dé orí ẹni tó ń lu agogo, pé kí wọ́n má jẹ́ kó ta sí i létí títí ìdánwò yóò fi parí. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n ní ọgbọ́n ìyá ni. Mo fọ ojú mi nílé ìwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sílé lọ se ìrẹsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọ̀fọ̀ rí, ẹ wo bí mo ṣe ṣọ̀fọ̀ tèmi. Inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń sunkún, màá ṣí omi kó máa dà kí ó má bàa gbọ́. Bí ó bá ní, "Mummy, ojú yín pọ́n," màá ní àlùbọ́sà ni.

Àárọ̀ kan ó bá mi nídìí sínkì. Ó ní, "Mummy, kí ló dé tí Mọ́mì ò kì mí mọ́ ní Sunday?"

"Ikọ́ ló gba ohùn wọn."

"Ikọ́ kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Rosemary ní wọ́n ti ń lo oògùn. Lọ kàwé rẹ, jọ̀ọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti Rosemary bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kíkọ ránṣẹ́ sí Pọ̀sí dípò ohùn, láti orí fóònù Màmá. Rosemary ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ ohun tí yóò kọ fún un. "Àjọkẹ́, mo ń gbàdúrà fún ẹ. Ikọ́ yìí ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀." Ọmọ náà á máa fi ohùn fèsì sí ẹni tó ti wà ní mọ́ṣúárì. Ó ń sọ fún un pé báyọ́lọ́jì dùn, pé mátìmátíìkì le, pé kí ó má mu omi tútù o, kí ikọ́ náà má bàa burú sí i. Rosemary ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pè mí, ó ń sunkún, ó ní òun ò lè ṣe é mọ́.

Mo ní, "Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Gba ara rẹ níyànjú."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Pọ̀sí ti ọjà Heathway dé, ó gbé páálí súwíìtì ikọ́ kan síwájú mi, èyí tó ní oyin nínú. Ó ní òun gbọ́ pé Bàbá Kàmọ́rù, aládùúgbò wa, ń lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Mummy, ẹ bá mi fún wọn kí wọ́n gbé e fún Mọ́mì. Ẹ sọ pé kí wọ́n máa lá a díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má rún un lẹ́nu o."

Mo gba páálí náà. Mo ní màá fún Bàbá Kàmọ́rù. Inú àpótí mi lókè kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo fi í pamọ́ sí.

Jìmí rí mi níbi tí mo ti ń fi í pamọ́. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di orí mú.

Ó ní, "Magdalene, sọ fún ọmọ yìí."

"Ìdánwò ńkọ́?"

"Mo mọ̀ pé ìdánwò wà. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tìrẹ ò sì ní pẹ́ tó ogún ọdún."

Mo ní kí ó gbẹ́nu dákẹ́, pé kò bí ọmọ náà ju bí mo ṣe bí i lọ. Ó wò mí. Òun náà ò mọ̀ nípa ohùn yẹn. Mi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ìyá mi. Ní Friday, ẹja díndín la máa ń fún àwọn ọmọ iléèwé. Mi ò lọ sílé fún ìsìnkú, nítorí bí mo bá lọ, Pọ̀sí yóò mọ̀. Mo tún wọ inú yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí yẹn, mo gbé fóònù ti àpò ànàmọ́ kan náà, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń sọ pósí ìyá mi kalẹ̀ níwájú ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Mo rí i tí wọ́n ń wá àkọ́bí kí ó bu iyẹ̀pẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí Rosemary bá mi bù ú. Ọ̀gá wa obìnrin kan ilẹ̀kùn, ó ní epo ti gbóná, mo sì dìde lọ din ẹja.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò parí. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ dúró dè é lẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ètò mi ni pé a ó délé, yóò jẹun, Bàbá Aládùúrà àti Ìyá Ìjọ yóò wá ní ìrọ̀lẹ́, a ó sì fi ọgbọ́n tú u fún un. Ní ti ohùn yẹn, mo ti pinnu pé mi ò ní mẹ́nu bà á láéláé.

Pọ̀sí jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ mi. Ó dì mọ́ mi níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní, "Mummy, mo ti parí! Ẹ ṣeun, mummy. Ẹ ṣeun gan-an."

A wọ bọ́ọ̀sì. A ò tíì jókòó dáadáa tí mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn.

"Magdalene! Pọ̀sí! Áà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá o!"

Ìyá Catherine ni, ọmọ ìjọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun ní Beam Park. Oṣù méjì ló ti wà ní Nàìjíríà, kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí mo bẹ ìjọ. Mo ṣẹ́jú sí i. Mo mi orí. Kò rí mi, ojú Pọ̀sí ló ń wò.

Ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Èmi gan-an dé Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ṣojú ìjọ. A sin wọ́n dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá yín àgbà ni wọ́n tẹ́ wọn sí. Rosemary sunkún, mo ní kó má pa ara rẹ̀."

Pọ̀sí dìde nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ohùn rẹ̀ tutù. "Ìgbà wo ni, mà?"

"Ìgbà wo ni kí ni, ọmọ mi?"

"Ìgbà wo ni wọ́n kú, mà?"

Ìyá Catherine yíjú sí mi. Ìgbà náà ló tó rí ojú mi. Ó ní, "Yéè! Ẹnu mi ò."

Pọ̀sí jókòó. Ó kọjú sí fèrèsé títí a fi sọ̀kalẹ̀. Ó ń lọ níwájú, mo ń sáré tẹ̀lé e, mò ń sọ pé ìdánwò ni, nítorí rẹ̀ ni, bàbá tèmi náà, kẹ́mísírì, ohun gbogbo tí mo ti kó sílẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣílẹ̀kùn ló ti ń pe Rosemary. Ó fi fóònù sórí ariwo.

Ó ní, "Àǹtí Rosemary, ṣé òótọ́ ni?"

Rosemary bú sẹ́kún. "Àjọkẹ́, má bínú. Mo fẹ́ sọ fún ọ. Ó kéré tán o gbọ́ ohùn wọn gbẹ̀yìn. Ìwọ lo gbọ́ ọ, èmi gan-an ò gbọ́ ọ."

"Ohùn wo?"

Mo ní, "Rosemary, pa fóònù yẹn!"

Rosemary ò gbọ́ tèmi mọ́. Ó ní, "Ohùn tí Màmá fi ránṣẹ́ sí ọ ní Ọjọ́bọ̀. Tí o ní ò ń bọ̀ wálé lẹ́yìn ìdánwò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n dì mú títí wọ́n fi lọ. Wọ́n ní kí n fọ yàrá rẹ, kí n pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo pààrọ̀ rẹ̀."

Jìmí ti jáde sí pálọ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Pọ̀sí na ọwọ́. "Mummy, ẹ fún mi ní ohùn náà."

Mo ní, "Kò sí mọ́."

"Báwo ni kò ṣe sí mọ́?"

"Mo ní kí Rosemary pa á rẹ́."

Mo gbọ́ tí Rosemary ké lórí fóònù. Pọ̀sí ò ké. Ó ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí mo bá ní irọ́ kan láti pa láyé mi, ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti pa á. Ǹ bá sọ pé wọ́n súre fún un. Ǹ bá sọ pé wọ́n kì í. Ṣùgbọ́n irọ́ ti tán lẹ́nu mi.

Mo ní, "Mi ò gbọ́ ọ tán."

"Ẹ ò gbọ́ ọ tán."

"Wọ́n ní ìyá rẹ ló ń pè ọ́. Wọ́n ní ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún yẹn... mo bá pa á. Ó dùn mí, Pọ̀sí. Ó dùn mí pé wọn ò pè mí ní ìyá rẹ."

Ìgbà náà lomi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ǹ bá ṣe ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀kejì ká ní mo fìdí rẹmi. Exam ni, mummy. Wọ́n máa ń tún un ṣe."

Ó wọ yàrá wa lọ gbé àpótí tí yóò kó ẹrù sí. Àpótí mi tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ náà ló fà sílẹ̀. Páálí súwíìtì ikọ́ já bọ́ lé ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú. Ó mú un, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, ló wá sunkún tó pariwo. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn mí."

Ìyá Catherine ló gbà á sílé ní Beam Park. Ìyẹn náà ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ mi, èmi tí mo bí i. Á gbé mi dìde, á bu omi fún mi, á wọ yàrá lọ.

Mo gbé fóònù mi lọ bá Ṣùáíbù tó ń tún fóònù ṣe ní Barking. Ó fi wáyà oríṣiríṣi sí i. Ọjọ́ kẹta ló pè mí, ó ní, "Ìyá mi, ẹ má náwó mọ́. Kò sí níbẹ̀." Mo ní kí Rosemary bá mi kó oríkì Màmá jọ. Ìlà mẹ́ta ló mọ̀. Èmi mọ ẹyọ kan, ti afínjú tí í fọ ẹsẹ̀. Àwọn bàbá ńlá yòókù, ìyá mi nìkan ló mọ̀ wọ́n, ó sì ti bá wọn lọ.

Ohun tó ń jí mi lójú oorun ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ tí mo já lẹ́nu rẹ̀. "Ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún yẹn..." Kí ni ìyá mi fẹ́ sọ nípa mi? Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀. Bóyá ó fẹ́ sọ pé kí Pọ̀sí máa tọ́jú mi. Bóyá ó fẹ́ sọ pé èmi náà ni ìyá. Ìyá mi kì í bú mi láti ẹ̀yìn, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Kí ló dé tí mi ò rántí ìyẹn lórí àpò ànàmọ́ lọ́jọ́ náà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí ẹ wà lókè òkun, tí ìyá yín ń bá yín tọ́mọ nílé: bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé fóònù fún ọmọ, ẹ gbé e fún un. Ẹ lè fi ikú pamọ́ fún ọmọ di ọ̀la. Ẹ má fi ẹni tó ń mí lọ́wọ́ pamọ́ fún un.

Èsì ìdánwò jáde lóṣù kẹjọ. Pọ̀sí yege. Gbogbo rẹ̀ ló yege, tó fakọ yọ. Jìmí ló sọ fún mi.

Lóṣù kẹsàn-án, Jìmí fẹ́ fi mọ́tò gbé e lọ sí yunifásítì, níbi tó tó wákàtí mẹ́rin sí London. Ó gbà kí n tẹ̀lé òun dé Beam Park. Mo din ẹran, mo din dòdò, mo dì í sínú kúlà. Pọ̀sí gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo rí páálí súwíìtì ikọ́ náà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì tú u.

Mo ní, "Pọ̀sí, ṣé wàá máa pè mí?"

Ó ní, "Màá máa pè yín, mà."

Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìlú yìí ń ṣe, tí wọ́n á kàn tẹ orúnkún bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Ó fi eékún méjèèjì kan ilẹ̀ lójú títì, wẹ́lẹ́, bí ìyá mi ṣe kọ́ ọ. Ó gbójú sókè wò mí.

Ó ní, "Ó dàbọ̀ o, àǹtí."